Aṣọ Ìgbéyàwó Àbúrò Mi Ni Mo Gé Wọ Àríyá

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ojú ń tì mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n má kọ ọ́. Ó ní kí ló dé tí mo fẹ́ gbé ìtìjú ilé wa lọ sí ìta. Mo ní ṣé ìtìjú tí gbogbo gbọ̀ngàn ti pàtẹ́wọ́ fún ló tún kù tí à ń fi pamọ́?

Gerelmaa lorúkọ mi. Ulaanbaatar, olú ìlú ilẹ̀ wa, ni mò ń gbé, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì. Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì kọ́ ni mo bá wá. Ọ̀rọ̀ àríyá Ọdún Tuntun tí ilé iṣẹ́ wa máa ń ṣe ní oṣù Kejìlá ni.

Ẹni tó bá mọ ìlú wa á mọ ohun tí mò ń sọ. Níta, òtútù á mú débi pé imú èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ojú. Nínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, àwa obìnrin á wà nínú gáùn tó ṣí èjìká sílẹ̀, bí ẹni pé oòrùn ló ń pa wá. Láti oṣù Kẹwàá ni kálukú ti ń pa ohun tó máa wọ̀ mọ́nú. O ò gbọdọ̀ wọ ohun tí ẹlòmíràn wọ̀. O ò sì gbọdọ̀ wọ ohun tí o wọ̀ lésìí.

Gáùn dúdú kan ni mo ní. Mo sì ti wọ̀ ọ́ lọ́dún méjì tẹ̀ lé ara wọn.

Lọ́dún kejì, Zolzaya, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi lọ́fíìsì, mú mi níwájú gbogbo èèyàn.

"Gerelmaa! Gáùn yìí náà tún ni? Ó yẹ kí wọ́n máa sanwó oṣù fún un o, òun náà ti di òṣìṣẹ́ wa."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín lásán ni mo ṣí. Mo délé, mo bọ́ gáùn ọ̀hún, mo sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní, "Zolzaya, ó di ọdún tó ń bọ̀. Wàá rí mi."

Ọdún tó ń bọ̀ ọ̀hún dé. Nígbà tí ewé ń rẹ̀, Ìyá wa wá sí ìlú láti pápá tó ti ń da àgùntàn. Ó gbé ẹrù kan tó fi aṣọ funfun dì mọ́yà, kò jẹ́ kí Erdene ọkọ mi bá òun gbà á. Orí ibùsùn mi ló ti tú u.

Dẹ́ẹ̀lì ni, aṣọ ilẹ̀ wa tó bo èèyàn láti ọrùn dé kókósẹ̀, tí kọ́là rẹ̀ dúró gangan, tí a ń fi ọ̀já gbà nídìí. Sílíìkì aláró ni Ìyá fi rán èyí, òdòdó oníwúrà sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Kọ́là rẹ̀ nìkan, odidi ìgbà òtútù kan ni Ìyá fi jókòó tì í, ó ń fi òwú wúrà rán an ní ìpele-ìpele.

"Ti Solongo ni," Ìyá wí. Solongo làbúrò mi. Àwa méjèèjì péré ni Ìyá bí. "Lẹ́yìn ọdún Oṣù Funfun ni ìgbéyàwó ẹ̀. Ilé mi lọ́hùn-ún, bí kò bá ṣe èéfín, eku ni. Ilé tìrẹ gbẹ. Bá mi tọ́jú ẹ̀."

"Ìyá, èyí mà rẹwà o!"

"Kí ló fẹ́ ṣe é tí kò ní rẹwà? Òun ni ìkẹyìn." Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Ẹṣin ló gbé e ṣubú, àwọn ìka náà ò sì ká mọ́. "Mo rán tìrẹ, o wọ̀ ọ́ wọlé ọkọ. Mo rán tàbúrò ẹ. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, mo dúpẹ́ pé mo ti parí ẹ̀."

Tèmi tó ń wí yẹn, pupa ni, gbogbo ọ́fíìsì wa ló sì ti rí i lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi.

Lọ́jọ́ kejì, Solongo pè mí lórí fóònù. Àbúrò mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ la ṣe ń ṣe. Gerlee ló ń pè mí láti kékeré.

"Gerlee, mo gbọ́ pé aṣọ mi ti dé ọ̀dọ̀ ẹ. Má wọ̀ ọ́ o! Mo mọ ẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ tóbi bí ọkọ̀, síbẹ̀ o máa ń ki í bọ bàtà mi."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, ìyàwó ọ̀ṣìngín," mo wí, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí àríyá pé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń yáni ní gáùn. Mo ti pẹ́ jù. Ọ̀kan fẹ̀ bí àgọ́. Ọ̀kan ti já lábíyá. Ọ̀kan ń rùn òógùn ẹni ẹlẹ́ni. Mo wá rí ọ̀kan tó wù mí, àfi bí oníṣọ́ọ̀bù ṣe ní, "Ẹ má bínú, wọ́n ti mú ìyẹn. Zolzaya kan ló mú un."

Díẹ̀ ló kù kí n sunkún síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Erdene jáde. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní mo kàn fẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí dẹ́ẹ̀lì náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní mo kàn fẹ́ gbé e lé àyà wò. Nígbà tí mo fi máa mọ̀, mo ti wọ̀ ọ́, mo ti dúró síwájú dígí.

Aṣọ yẹn tàn lára mi. Mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì. Mo ní, bí wọ́n bá ká kọ́là yìí wọnú, tí wọ́n ṣí èjìká díẹ̀, tí wọ́n fún un níbàdí, Zolzaya á gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ mì. Lẹ́yìn àríyá, a ó tú u, á padà sí bó ṣe wà. Ta ló máa mọ̀?

Bí mo ṣe parọ́ fún ara mi nìyẹn, mo sì gba ara mi gbọ́.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Handaa, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé wa. Àgbà obìnrin ni, abẹ́rẹ́ kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Gáùn àríyá kún ibẹ̀ débi pé kò sí ibi tí èèyàn máa fìdí lé. Ó tẹ́ dẹ́ẹ̀lì náà, ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ta ló rán èyí?"

"Ìyá mi ni."

"Ta ló ni ín?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀. Kí n kàn ní àbúrò mi ló ni ín, kí n dì í padà, kí n máa lọ.

"Èmi ni mo ni ín. Àǹtí, ẹ kàn bá mi ká kọ́là yìí wọnú, kí ẹ fi òwú mú un díẹ̀, ká lè tú u tó bá yá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àpò ìyẹ̀fun lo pè é ni? Kọ́là tó le báyìí ò ṣeé ká. Tó bá jẹ́ pé gáùn tó ṣí èjìká lo fẹ́, kọ́là máa kúrò, apá máa kúrò. Tí mo bá sì ti gé e, ó parí nìyẹn. Máa lọ sílé, lọ mu tíì, kí o lọ rò ó."

"Kò sí àyè tíì mọ́, Àǹtí. Àríyá ti dé tán."

"Mo ní kí o lọ rò ó."

"Mo ti rò ó. Ẹ gé e."

Ó wò mí títí, ó wá mú àlùmọ́gàjí. Mi ò lè wò ó. Mo kọjú sí fèrèsé, mo ń wo ọkọ̀ lójú títì, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ bí irin ṣe ń wọ inú aṣọ. Ó bi mí pé kí lòun máa ṣe sí àwọn ègé tó kù. Mo ní ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n ṣe.

Nígbà tí mo padà lọ wọ̀ ọ́ wò, ó rẹwà. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ó rẹwà débi pé mo gbàgbé ẹni tó ni ín.

Ìyá ló rán mi létí. Ó pè lórí fóònù.

"Gerelmaa, dókítà ní kí n wá fi ọwọ́ yìí han òun. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Solongo náà á wá síbẹ̀, kó wá wọ dẹ́ẹ̀lì ẹ̀ wò. Bó bá fẹ̀ níbì kan, kí n tètè mọ ẹni tí màá bẹ̀ kó bá mi fún un."

Ẹnu mi ti ń sọ̀rọ̀ kí ọpọlọ mi tó dé ibẹ̀.

"Ìyá, páìpù tó ń mú ilé wa gbóná ti jò. Omi ń kán sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo yára gbé dẹ́ẹ̀lì náà lọ sílé ọ̀rẹ́ mi kan, kó má bàa rin."

"Háà! Orí ẹ pé, ọmọ mi. O ṣeun gan-an. Ta lorúkọ ọ̀rẹ́ ọ̀hún?"

"Zolzaya." Nínú gbogbo orúkọ tó wà láyé, òun ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

"Bá mi kí i dáadáa. Màá mú wàrà gbígbẹ wá fún un."

Mo pa irọ́ páìpù yìí fún Erdene náà, mo ní ìgbà tí kò sí nílé ló jò, pé wọ́n ti tún un ṣe. Ìyá sì mú wàrà náà wá, àpò ńlá kan. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, pé ti ẹni tó ṣe ọmọ òun lóore ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọjá lẹ́bàá àpò yẹn ni ara mi ń gbóná.

Solongo ò gbà bọ̀rọ̀.

"Gerlee, jẹ́ ká lọ sílé Zolzaya yẹn, kí n lọ wọ aṣọ mi."

"Kò sí nílé. Ó rìnrìn àjò."

"Ó rìnrìn àjò, àríyá yín sì jẹ́ ọ̀la?"

"Àárọ̀ ọ̀la ló máa dé."

"Hùn-ún. Ojú ẹ ń ṣe bákan. Àbí o ti fi ìdí ńlá yẹn ya aṣọ mi?"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi náà bá wọn rín in. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Erdene ní, "Ìyá ò rí irú àríyá yìí rí. Ṣé wọn ò ní gbà ká mú un lọ?"

"Òṣìṣẹ́ nìkan ni wọ́n fẹ́," mo wí. Irọ́ tún nìyẹn. Ẹni tó bá wu èèyàn ló lè mú lọ.

Ẹ gbọ́ o, mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ọkàn mi ti kú pátá. Láàárọ̀ ọjọ́ àríyá, mo pinnu pé gáùn dúdú ni mo máa wọ̀. Ìyá wà nílùú, ara mi ò balẹ̀. Mo ní kí Zolzaya fi mí ṣẹ̀sín, ẹ̀sín kì í pààyàn. Àwọn gáùn méjèèjì ni mo kó sínú àpò lọ sọ́dọ̀ onídìrí, ṣùgbọ́n dúdú ló wà lókè. Ẹ má bi mí pé kí wá ni mo mú èkejì dání fún.

Bí mo ṣe jókòó, Zolzaya ló wà lórí àga kejì, irun rẹ̀ ti di òkè.

"Gerelmaa mi àtàtà! Kí la máa rí lónìí? Ó tì, má sọ, mo ti mọ̀ ọ́n. Dúdú." Ó kọjú sí onídìrí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a ṣe irun tó bá ìsìnkú mu."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi wọ inú àpò. Ó kọjá gáùn dúdú, ó lọ sí ìsàlẹ̀.

Nígbà tí mo ti ẹ̀yìn kọ́tìnnì jáde, ẹ̀rín ti tán. Zolzaya la ẹnu, kò lè pa á dé.

"Yé è! Níbo lo ti rí eléyìí?"

Odidi ọdún kan ni mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn. Ó dùn mọ́ mi nínú débi pé mi ò rántí Ìyá, mi ò rántí Solongo. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo mọ òwe yẹn dáadáa kí n tó jáde nílé.

A dé gbọ̀ngàn. Iná ń tàn, ọtí ń ṣàn, Bàbá Òtútù oníirùngbọ̀n funfun ń pín ẹ̀bùn. Gbogbo ibi tí mo bá yà sí ni wọ́n ti ń ní, "Ẹ wo Gerelmaa!" Ìyàwó ọ̀gá wa fọwọ́ pa sílíìkì náà. Àwọn tí kì í kí mi wá ń bá mi ya fọ́tò.

Nígbà tó yá, wọ́n ní àkókò tó láti mú ẹni tó múra jù. Olóòtú ètò, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ, pe orúkọ mi. Mo gun orí pèpéle. Wọ́n fi adé onípépà dé mi lórí, wọ́n gbé kẹ́tùlù oníná kan lé mi lọ́wọ́. Kẹ́tùlù!

"Ẹ sọ fún wa, madam," olóòtú wí, ó na máìkì sí mi. "Ọwọ́ ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí?"

Ẹ ẹ̀ rí i bí Ọlọ́run ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn fún èèyàn tó? Kí n kàn ní ọwọ́ ìyá mi ni. Gbólóhùn kan péré.

"Èmi fúnra mi ni," mo wí. "Mo ránṣẹ́ ra sílíìkì náà láti ìlú Hohhot lókèèrè. Orí ara mi ni mo sì fi ronú bí wọ́n ṣe máa rán an."

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un! Ó ku ìyàlẹ́nu kan o. Ọkọ wọn ti lọ bá ọ̀gá wa láàárọ̀. Ó ní ìyá ìyàwó òun wà nílùú, kò sì rí irú àríyá báyìí rí. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa bọ̀. Ìyá, ẹ dìde ká rí yín!"

Mo wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Erdene ló ń ju ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń da ẹran. Ìyá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú dẹ́ẹ̀lì búráùn rẹ̀, ó gbé àpò wàrà gbígbẹ náà mọ́ra, torí ó gbọ́ pé Zolzaya máa wà níbẹ̀. Solongo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá, kò tíì bọ́ kóòtù.

Ẹ̀rín wà lójú Solongo. Ó wo òdòdó wúrà. Ó wo èjìká mi tó wà níhòòhò. Ó wo Ìyá, ó tún wò mí. Mo rí i bí ẹ̀rín náà ṣe ń lọ kúrò lójú rẹ̀.

Olóòtú ti dé ọ̀dọ̀ wọn. "Ìyá wa, kí lẹ rí sí aṣọ ọmọ yín?"

Ìyá gbé àpò náà fún Erdene, ó fi ọwọ́ òsì gba máìkì. Mo mọ ìyá mi. Obìnrin tó bú ìkookò títí tó fi sá ni. Mo ní ó parí. Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ tadétadé.

"Sílíìkì gidi ni," Ìyá wí. "Ó bá a mu."

Ó wá sọ ohun tí àwọn àgbà wa máa ń sọ fún ẹni tó bá wọ aṣọ tuntun.

"Kí aṣọ ó gbó, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ má gbó."

Gbọ̀ngàn bú sí àtẹ́wọ́. Erdene ló pàtẹ́wọ́ jù. Solongo yí padà, ó jáde.

Ìyá mi, tí kì í parọ́ fún ajá, ló bo irọ́ mi mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ká ní ó gbá mi létí ni, ara ì bá tù mí.

Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gba kóòtù. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Erdene dúró tì í, ó ń bi gbogbo èèyàn pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló ṣe Solongo? Ṣé ara ẹ̀ ò yá ni?"

Mo wólẹ̀ síwájú Ìyá. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́..."

Kò bú mi. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ síbi tí ó yẹ kí kọ́là wà. Ọrùn mi lásán ló bá, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù.

"Kọ́là ẹ̀ dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ aránṣọ."

"Lọ gbà á wá lọ́la. Kọ́là kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ nù."

Erdene ní, "Kọ́là wo?" Ó wo gáùn náà, ó wo Ìyá, ó wá wò mí. "Gerelmaa. Má sọ fún mi pé dẹ́ẹ̀lì yẹn ni."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo èjìká mi.

"Èmi ni mo mú wọn wá," ó wí. "Mo tiẹ̀ ń pàtẹ́wọ́."

Nílé, Solongo ti ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà Handaa.

"Ègé wo?" ó wí. "Ṣé mi ò bi ọ́ ni? O ní kí n ṣe ohun tó bá wù mí. Mo ti gbá a dà nù." Ó wo ojú mi. "Kí ló dé? Àbí ẹlòmíràn ló ni aṣọ yẹn?"

Mo lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń kó pàǹtí sí. Gbogbo rẹ̀ ti dì gbagidi. Mo fi ọwọ́ tú u, mo fi igi tú u, irun tí wọ́n ṣe fún mi lánàá ṣì wà lórí mi. Ajá ìgboro méjì jókòó, wọ́n ń wò mí. Ègé apá kan ni mo rí, ẹnìkan ti da eérú lé e lórí. Mi ò rí kọ́là.

Mo wọlé, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Solongo jókòó ti Ìyá.

"Má wulẹ̀ sọ ọ́," ó wí. "Kò sí."

"Solongo, dákun. Màá ra sílíìkì mìíràn. Èyí tó dáa jù ú lọ ni màá rà."

"Ta ló máa rán an? Ìwọ, tó ń fi orí ẹ ronú láti Hohhot?"

"Bú mi. Lù mí tó bá wù ẹ́."

"Kí n lù ẹ́ kí ara lè tù ẹ́? Mi ò lù ẹ́." Ó dìde. "Àwọn àgbà ní èèyàn ní ẹ̀gbọ́n, dẹ́ẹ̀lì ní kọ́là. Ẹ̀gbọ́n mi ló gé kọ́là dẹ́ẹ̀lì mi sọ sílẹ̀-ìdọ̀tí. Kí ló wá kù fún mi, Gerlee? Sọ ọ́, mò ń gbọ́."

Ìyá ní, "Ó tó, ẹ̀yin méjèèjì." Ó yíjú sí ògiri.

Mo ra sílíìkì náà. Ìyá ní kí n gbé e wá, òun á gbìyànjú. Ó fi abẹ́rẹ́ sáàárín ìka rẹ̀ tí kò ká, abẹ́rẹ́ bọ́. Mo mú un fún un. Ó tún bọ́. Mo tún mú un. Títí tí Solongo fi gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìyá, ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Màá yá ọ̀kan."

Bí àbúrò mi ṣe fi dẹ́ẹ̀lì àyálò wọlé ọkọ nìyẹn. Ó fẹ̀ jù ú lọ. Àtíkè obìnrin mìíràn wà lẹ́nu kọ́là rẹ̀. Èmi ni wọ́n pè kí n wá fi pín-ìnnì mú un lẹ́yìn, torí èmi lẹ̀gbọ́n. Mo fi pín-ìnnì ọ̀hún gún un lára. Kò mira.

Nílé àwọn àna, ìyá ọkọ rẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè, tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ta ló rán aṣọ ìyàwó wa?"

"A yá a ni, Ìyá," Solongo wí. Kò fi nǹkan kan kún un.

Obìnrin kan lẹ́yìn mi sọ fún ìkejì rẹ̀ pé, "Ìyá tó ń rán dẹ́ẹ̀lì fún gbogbo agbègbè wọn, kò lè rán ti ọmọ ẹ̀? Irú ìyá wo nìyẹn?"

Ìyá gbọ́ ọ. Ó ń wo ìsàlẹ̀ àwo tíì rẹ̀. Èmi náà gbọ́ ọ. Kí n dìde ló kù, kí n ní, "Ìyá mi rán an o, èmi ni mo bà á jẹ́." Mo jókòó síbẹ̀. Ẹni tó ti parọ́ lórí pèpéle, òótọ́ wúwo lẹ́nu rẹ̀.

Torí ìjókòó yẹn ni mo fi ń kọ èyí. Kí obìnrin yẹn, níbikíbi tó bá wà, mọ irú ìyá tí ìyá mi jẹ́. Àti kí ìwọ tí o ń wo dígí lóṣù Kejìlá, tí o ń sọ pé aṣọ kan ṣoṣo ló máa bo ẹ̀sín ẹ, kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín. Lóṣù Kejìlá tó kọjá, gáùn dúdú mi ni mo wọ̀. Zolzaya wò mí, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó lè jẹ́ pé ojú mi ló rí.

Ní Oṣù Funfun ọdún yìí, tó jẹ́ ọdún ìbílẹ̀ wa, Solongo àti ọkọ rẹ̀ wá kí wa. Ní ilẹ̀ wa, àbúrò ló ń na apá sábẹ́ apá ẹ̀gbọ́n, kó gbé e ró, kó tó kí i kú ọdún. Láyé ọjọ́un, Solongo a máa fi àyè yẹn já mi léèékánná lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́, títí n ó fi pariwo níwájú àlejò.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo dúró, mo ń retí èékánná yẹn. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ tèmi, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àgbà. Ó tẹrí ba. Ó fún mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí n fẹnu kò ó.

"Ẹ kú ọdún, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. "Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Gbogbo ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí ẹ̀gbọ́n ló fún mi, kò dín ẹyọ kan. Kò sì sí nǹkan mìíràn tó kù tó lè fún mi.